Ohun Tí Ère Kò Sọ ní Abẹ́òkúta

Bí àlejò bá wọ Abẹ́òkúta lónìí, tó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun rìn káàkiri kí òun lè mọ ìtàn ogun ìlú náà, Olúmọ ni gbogbo ènìyàn máa júwe fún un. Ọlọ́kadà á júwe rẹ̀, aládìrẹ Ìtòkú á júwe rẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé náà kò ní sọ ohun mìíràn. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ẹ̀bá àpáta náà ni àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wá ní 1830 sá sí. Ihò rẹ̀ ni àwọn kan fi ṣe ilé nígbà tí kò tíì sí ilé. Àtẹ̀gùn ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè síbẹ̀ (bí iná bá wà), amọ̀nà tó mọ ìtàn náà lórí sì ń dúró de ẹni tó bá san owó ìwọlé. Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti Olúmọ ti gbá ìtàn náà mú láti ìrù. Ohun tí Olúmọ ń sọ ni pé àwọn kan bọ́. Kò sọ àwọn tí kò bọ́, kò sì sọ ohun tí àwọn tó bọ́ ṣe fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ara tù wọ́n. Àwọn tí ogun ṣẹ́gun ló tẹ Abẹ́òkúta dó, ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun ni púpọ̀ nínú ohun tí ìlú náà ń fi han àlejò ń ròyìn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìrìn àdárìn, èyí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà rẹ̀, sàn ju ìrìn tí amọ̀nà ń dárí lọ, bí arìnrìn-àjò bá lè gbà láti lọ síbi tí ère kò sí.

Ibi tó yẹ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: orúkọ àdúgbò ni. Kẹ́mta, Ìtòkò, Ìkìjà, Ìjẹmọ̀, Ìgbẹ̀in, Ìpòró, Ìlùgùn, Ìgbórè. Ara ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni a ti ń rí wọn, awakọ̀ a sì máa ké wọn ní gáréèjì bí ẹni pé ibùdókọ̀ lásán ni wọ́n. Ìlú ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní olórí tirẹ̀, ọjà tirẹ̀ àti Ògbóni tirẹ̀. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1820, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé tiwọn, para pọ̀ fọ́ Òwu. Nígbà tí Òwu fọ́ tán, wọn kò túká. Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń fọ́ ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, abúlé Ẹ̀gbá Gbágùrá ni kí àwọn ọmọ ogun náà tó sọ ọ́ di ibùdó. Àwọn Ẹ̀gbá tó ṣẹ́kù gbé àárín wọn níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìyà jẹ wọ́n, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ sí ẹ̀bá Olúmọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn kò yí ara wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ará Ìkìjà kọ́lé ti ará Ìkìjà, ará Ìjẹmọ̀ ti ará Ìjẹmọ̀, ìlú tó ti di eérú sì gba orúkọ rẹ̀ padà lórí ilẹ̀ tuntun. Òwu fúnra rẹ̀ dé ní 1834. Ní 1862 tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè Kúrunmí, àwọn tó sá àsálà níbẹ̀ tún rí ilẹ̀ gbà ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹni tó bá rìn láti Ìtòkò dé Ìjẹmọ̀ ti gba orí ìlú méjì tó parẹ́ kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ọkọ̀ àti gáàrí tí wọ́n ń wọ̀n ló gbọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣí kúrò wà ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé títí dòní, wọ́n sì ń pè é ní orílé.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí orúkọ bá ti ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni a tún ń wá? Ó lè ní àwa Yorùbá kì í fi òkúta gbígbẹ́ rántí ogun. Oríkì, orin àti ọdún ìbílẹ̀ la fi ń rántí, ère ìgboro jẹ́ àṣà tí a kọ́ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òdodo pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún Lísàbí tí àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe lọ́dọọdún ti pa ìtàn ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́ ju bí ère kan ṣe lè pa á mọ́ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò ń sọ ibi tí a ti wá, kò sọ bí a ṣe kúrò níbẹ̀. Oríkì ní tirẹ̀ a máa ki ẹni tó pa, ó ṣọ̀wọ́n kó ki ẹni tí wọ́n pa. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, kì í ṣe Ẹ̀gbá. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó dàgbà sí Sàró (Sierra Leone), ó sì di àlùfáà. Nígbà tí òun àti Henry Townsend wá dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó bá ìyá rẹ̀, Àfálà, pàdé lẹ́yìn ọdún 25. Kì í ṣe òun nìkan. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ti ń padà bọ̀ láti Sàró, tí oníkálukú ń wá ojúlé baba rẹ̀. A lè ka ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. Ta ni yóò ka ìyá tó ń dúró ní Ìtòkò tàbí Kẹ́mta de ọmọ tí ọkọ̀ ti gbé lọ sí Bàhíà tàbí Kúbà? Ìtàn yẹn wà nínú ìlú, kò sì ní oríkì.

Ó tó àkókò láti dé Aró, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ẹni tí àlejò bá bi léèrè ọ̀nà yóò kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀, nítorí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ní ó yẹ kí wọ́n gbé ẹnìkan lọ sí Aró, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Dókítà Adéoyè Làḿbò sọ di olókìkí láti 1954 ti gba orúkọ náà pátápátá. Ọdún 103 ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, ẹnubodè Aró ni Abẹ́òkúta ìbá ti parun. Ghezo, ọba Dàhòmì, kó ọmọ ogun rẹ̀ wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sì wà lára wọn. Odi amọ̀ ló yí ìlú náà ká, yàrà sì wà lẹ́yìn odi. Beecroft, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá pé ogun ń bọ̀. Thomas Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà, Crowther pẹ̀lú wà níbẹ̀. Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ṣú, odi kò sì já. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá yẹ òkú àti ìgbèkùn wò tí wọ́n rí i pé obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun odi bọ̀, inú bí wọn, ojú tì wọ́n, wọ́n sì tún gbóná janjan sí i. Glele, ọmọ Ghezo, tún gbé ogun wá ní oṣù Kẹta 1864. Òun náà kò rọ́wọ́ mú, ìparun tó bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì pọ̀.

Mo fẹ́ kí arìnrìn-àjò dúró pẹ́ ní Aró, kó má kàn fi ìṣẹ́gun 1851 yangàn kó sì máa lọ, nítorí ohun méjì kan wà níbẹ̀ tí kì í wọ inú orin. Àkọ́kọ́ ni Ìṣàgá. Ìlú kékeré yìí wà lójú ọ̀nà Dàhòmì. Nígbà tí Ghezo ń bọ̀, àwọn ará Ìṣàgá bá a mulẹ̀ bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé ẹnubodè Aró ni kó gbà, ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe tí wọ́n sì ti ń dúró dè é. Ọgbọ́n Ìṣàgá wà nínú ohun tó gba Abẹ́òkúta là. Dàhòmì kò gbàgbé. Ní 1862, wọ́n padà wá, wọ́n fọ́ Ìṣàgá, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó ìyókù lọ sí Àbómè, olú ìlú wọn. Gbèsè tí Abẹ́òkúta jẹ ìlú kékeré yẹn kò tíì san tán, bí a bá ń sọ òtítọ́. Èkejì ni àwọn obìnrin tó kú sábẹ́ odi náà. Ní 2022, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin, tí ilẹ̀ Dàhòmì wà nínú rẹ̀ lónìí, gbé ère obìnrin jagunjagun kan dúró ní Cotonou, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Àwọn tí ère yẹn ń bọlá fún wà lára àwọn tó kú ní Aró. Àwọn kan á ní ọ̀tá ni wọ́n, kí ló kan Ẹ̀gbá kan òkú wọn? Ọ̀tá ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n sì wá láti kó ènìyàn lẹ́rú. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lójú ogun kí wọ́n tó di ọmọ ogun ọba, kò sì ṣòro láti gbà pé àwọn tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá wà láàrin wọn. Ilẹ̀ kan náà ló gbé ìtàn méjèèjì. Ẹni tó bá ti gbọ́ ti Cotonou ní láti gbọ́ ti Aró, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ti Aró kò gbọdọ̀ di etí sí ti Cotonou.

Ní Ìta Ìyálóde, ère wà. Ti Ẹfúnróyè Tinúbú ni, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni wó o. Obìnrin tí Consul Benjamin Campbell lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó dé Abẹ́òkúta tó tún ajé rẹ̀ dá, tó ń kó ìbọn àti ẹ̀tù wá fún àwọn ológun, tí wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 lẹ́yìn ogun Glele: ta ni kò ní rántí irú rẹ̀? Ṣùgbọ́n òwò ẹrú wà lára ohun tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó, kò sì pamọ́ fún ẹni tó bá ka ìtàn. Ìbọn tó gba Abẹ́òkúta lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kó wọn lẹ́rú, lára owó tí wọ́n rí lórí ẹrú ni wọ́n fi rà á. Àwọn tó fẹ́ràn Ìyálóde máa ń bínú bí a bá dárúkọ èyí, wọ́n á ní à ń fi ojú òde òní wo ènìyàn àtijọ́. Ojú àtijọ́ gan-an ni mo fi ń wò ó. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ ènìyàn àtijọ́, wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn kò dára, kò sì sí ẹni tó ní láti dúró de ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó là á yé e. Ère tó bá sọ apá méjèèjì kò ní dín Tinúbú kù. Ìgbà yẹn ló tó máa tóbi lójú ẹni tó ń ronú.

Àké ni ọ̀rọ̀ náà ti wá díjú jù lọ. Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún tí wọ́n kọ́ ní 1930 dúró níbẹ̀, ó ń ka láti 1830 sí ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ilé tó rẹwà ni. Àmọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń kà yìí, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí wọn kò ní kí akéwì kankan fi ṣe ewì ìdáwọ̀ọ́. Ìjẹmọ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní 1914, Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀ tí àdéhùn 1893 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí. Iṣẹ́ tipátipá àti ọwọ́ líle àwọn aláṣẹ ti sú àwọn ará Ìjẹmọ̀. Àgbàlagbà wọn kan tí wọ́n ń pè ní Pọ́nládé kú lẹ́yìn tí wọ́n tì í mọ́lé, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yarí, wọ́n ní àfi kí akọ̀wé ìjọba, Adégbóyèga Edun, kúrò lórí oyè. Àwọn aláṣẹ ní kí Gẹ̀ẹ́sì ran àwọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọmọ ogun yìnbọn fún àwọn ará Ìjẹmọ̀ nínú ilé wọn, olóyè wà lára àwọn tó kú. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Ẹ gbé e wò: ìlú tí Ghezo kò rí gbà, tí Glele kò rí gbà, ìbọn tí ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè wá ló gbà á. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ogun Adùbí dé. Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé owó orí tuntun kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, àwọn ará oko Ẹ̀gbá dìde, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi pa iná ọ̀tẹ̀ náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn. Ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n kọ́ láti pa ọ̀tá ọba Gẹ̀ẹ́sì lókèèrè ni wọ́n kó wá pa ará oko tí kò fẹ́ san owó orí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló dìde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Ta ló ṣẹ́gun nínú ogun yẹn tí wọn ì bá fi gbẹ́ ère rẹ̀? Mo rò pé ìdáhùn wà níbẹ̀: ogun tí ènìyàn kò lè fi yangàn, ìlú kì í mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Láńtòrò ni kí ìrìn náà parí sí. Ibẹ̀ kò jọ ibi ìtàn rárá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ní 1944, ìjọba gbà á láti fi gba àwọn sójà tí ogun Hitler dà lórí rú tí wọ́n sì dá padà sílé. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ilé ìwòsàn Aró ti hù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, tí ara wọn padà tí ọkàn wọn kò padà, inú ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìlú ti kọ́kọ́ rí àyè fún wọn. Bí mo bá ní kí n yan ibì kan ṣoṣo tí a ó máa pè ní ibi ìrántí ogun ní Abẹ́òkúta, Láńtòrò ni màá yàn ṣáájú Olúmọ. Àpáta kò mọ̀ pé ogun wà. Ògiri Láńtòrò mọ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ṣì kù. Wọ́n á ní egbò tó ti jinná ni mo ń tú. Pé Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti ń fẹ́ ara wọn, Ìjẹ̀bú àti Òwu ti jọ ń ṣòwò, ọmọ Ìjẹmọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kí a jẹ́ kí òkú sùn. Bí ìlú náà bá ti dákẹ́ lórí gbogbo ogun, ì bá jẹ́ pé mo gbà. Kò dákẹ́. Ó ń pariwo èyí tó borí, ó ń gbé èyí tó pa á lára mì. Ìran tí kò bá mọ̀ pé ìlú òun ti sá rí, tí kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló fún un níbi tó sùn sí lọ́jọ́ burúkú, kò ní mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí ẹni tí ogun lé láti ibòmíràn bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé àlejò tó bá dá rìn láìsí amọ̀nà yóò ṣi ìtàn mú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wà: Ajíṣafẹ́ kọ ìtàn Abẹ́òkúta ní Yorùbá ní 1924, ìwé Sàbúrì Bíòbákú lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde ní 1957. Ẹni tó bá ka ọ̀kan nínú wọn kí ó tó jáde, tó sì kí àwọn àgbà dáadáa nílẹ̀kùn ilé wọn, yóò gbọ́ ohun tí ìwé ìwọlé Olúmọ kò lè rà fún un.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta, àti sí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kò tóbi. Kí wọ́n má náwó lórí ère tuntun. Kí wọ́n gbé pátákó kéékèèké sí Aró, sí Ìjẹmọ̀ àti sí Láńtòrò, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá: ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn tí a bá mọ̀ nínú àwọn tó kú. Kí wọ́n dárúkọ Ìṣàgá ní Aró. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìjẹmọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó kú ti kú lọ́wọ́ ìjọba tiwọn.